Ọ̀rọ̀ Wa Lóṣù Yìí: Àwọn Ọmọ Èkó Tí Wọ́n Lọ Sógun

   

Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, ọmọdékùnrin kan tí ó bá ìyá rẹ̀ wá bi wá ní ìbéèrè kan. Ó ní kí ni wọ́n máa ń ṣe ní National Arcade ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà mọ́ bàbá òun tí ó ń wa takisí? Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ọjọ́ àwọn ṣọ́jà ni, ẹlòmíràn ní ọjọ́ tí Ààrẹ máa ń tú ẹyẹlé sílẹ̀ ni. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó jókòó níbẹ̀, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ni a mọ̀ tí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn lọ sógun Hitler, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó la ẹnu sọ ọ́ fún ọmọ náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní kí a sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ lóṣù yìí.

Ní ayé òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni ìrántí yìí máa ń bọ́ sí, nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun Jámánì àkọ́kọ́ dáwọ́ dúró ní 1918. Nígbà tí ogun abẹ́lé tiwa parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní 1970, ìjọba gbé ìrántí náà wá sí ọjọ́ yẹn. A kò bá ìjọba jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti rò pé ogun Biafra nìkan ni a ń rántí, tí àwọn tó lọ sí Kamẹrúùnù, sí Abisíníà àti sí Bọ́mà sì ń di ẹni ìgbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a mú Èkó nìkan, nítorí pé ìlú etí òkun ni, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọ ọkọ̀. Àwọn àgbà Èkó mọ Sójà Ìdúmọ̀tà. Ère méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ ṣọ́jà, èkejì jẹ́ alárù. Ìrántí ogun 1914 sí 1918 ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Wọ́n ti kó àwọn ère náà kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ọjà àti mọ́tò ti gba gbogbo Ìdúmọ̀tà, síbẹ̀ orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Lójú tiwa, alárù yẹn ni ó yẹ kí a máa fi han àwọn ọmọ. Ṣọ́jà ní ìbọn lọ́wọ́, alárù kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹrù lórí, ọta ìbọn kò sì mọ ẹni tí ó ru ẹrù yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbé ìbọn.

Nígbà tí ogun Hitler dé ní 1939, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wa lọ, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 1941 ni àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà wọ Mogadishu. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ Mogadishu Cantonment kọjá ní Asokoro níhìn-ín lójoojúmọ́, orúkọ ìlú náà nìyẹn. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n jà ní ọ̀nà àárín òkè kan tí à ń pè ní Marda, wọ́n sì gbà á. Marda Barracks wà ní Èkó. Bí ẹ bá fi ara balẹ̀ wò ó, ìwé ìtàn ni orúkọ àwọn bárékè wa jẹ́. Dodan, Arakan, Myohaung, Letmauk ti Ìbàdàn, gbogbo wọn ni ó ti Bọ́mà wá, ibi tí àwọn bàbá wa ti jà ni. Dodan Barracks yìí ni àwọn ìjọba ológun ti ń pàṣẹ fún gbogbo Nàìjíríà kí ìjọba tó kó wá sí Abuja ní 1991. A ti gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan tí a bọ̀wọ̀ fún pé Dodan jẹ́ orúkọ ọ̀gágun kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ibì kan ni, nílẹ̀ Bọ́mà.

Bọ́mà yìí gan-an ni ogun ti le. Tó ìwọ̀n 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ju ìdajì wọn lọ. Àwa tí a ń jẹun nídìí rélùwéè mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ni ó kó àwọn tó ti òkè ọya sọ̀ kalẹ̀ wá sí Èkó, kí wọ́n tó bọ́ sínú ọkọ̀ òkun. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ní àmì aláǹtakùn dúdú, èyí tí wọ́n mú nínú àlọ́ Ànáńsé àwọn ará Gold Coast. Ti 82 jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn lórí òṣùká alárù. Òṣùká o! Èyí tí ìyá wa fi ń ru omi. Kò sì jẹ́ àṣejù, nítorí pé ní àfonífojì Kaladan, igbó àti òkè ni gbogbo rẹ̀, mọ́tò kò rí ibi gbà, orí ni wọ́n fi ń ru oúnjẹ àti ọta. Wọ́n tún fi ọwọ́ la ọ̀nà tí ó gùn tó máìlì 75 láàárín àwọn òkè náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní 1945 ni wọ́n gba ìlú Myohaung.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn, ẹ wá ìwé tí Isaac Fadoyebo kọ. Ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ọmọ Èkó, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ ní Èkó lẹ́yìn ogun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun, àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fi í sí. Ní 1944 àwọn ará Jàpáànù ba dè wọ́n ní etí odò Kaladan, ọta ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń pè ní Shuyiman, ni ó gbé òun àti ọmọ Sàró kan pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án, tí ó sì ń fún wọn ní oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ni ìbá kú. Bàbá Fadoyebo pẹ́ láyé, ó kú ní 2012. Ṣáájú ikú rẹ̀, oníròyìn kan mú lẹ́tà rẹ̀ lọ sí abúlé náà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman.

Kì í ṣe orí ilẹ̀ nìkan ni àwọn ọmọ Èkó ti jà. Peter Adeniyi Thomas, tí a bí ní Èkó ní 1914, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá nínú àwọn ológun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1942. Arábìnrin rẹ̀ ni Stella Thomas, tí ó di obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa. Jàm̀bá ọkọ̀ òfúrufú pa Peter ní oṣù kìn-ín-ní 1945, ogun kù díẹ̀ kó parí. Bankole Vivour náà wà níbẹ̀, ọmọ ìdílé Vivour ti Èkó. Òun wà lára àwọn tí wọ́n lọ ju bọ́ǹbù sí Nuremberg ní òru ọjọ́ 30 mọ́jú ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1944. Ọkọ̀ 95 ni kò padà wálé ní òru ọjọ́ kan yẹn, tirẹ̀ wà nínú wọn.

Àwọn atukọ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ Èkó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ọkọ̀ Elder Dempster, nídìí iná àti nínú ilé ìdáná ọkọ̀. Àwọn ará Jámánì ń fi ọkọ̀ abẹ́ omi rì wọ́n. Nígbà tí Abosso rì ní oṣù kẹwàá 1942, ènìyàn tó ju 350 lọ ni ó bá a lọ. Ẹni tí ó bá òkun lọ kò ní sàréè, kò ní aṣọ ogun tí a lè fi há ògiri, òun ni a sì ń tètè gbàgbé jù.

Àwọn tí kò kúrò ní Èkó náà ru tiwọn. Ìjọba díye lé gààrí, àwọn ìyá ọjà sì sọ pé àdánù ni. Alimotu Pelewura, olórí wọn, kojú Pullen, òyìnbó tí ó wà nídìí ètò náà, kò sì gbà fún un títí ogun fi parí. Gbogbo nǹkan wọ́n, owó oṣù kò kúrò lójú kan. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tiwa wà níwájú nígbà tí iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1945, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ padà fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Wọ́n ti mú Michael Imoudu olórí wọn ní 1943, ọdún ìdaṣẹ́sílẹ̀ yìí ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Irú Èkó tí àwọn ará Bọ́mà bọ̀ wá bá nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí iṣẹ́.

Àwọn kan nínú wa yóò ní ogun òyìnbó ni, kí ni tiwa níbẹ̀. Ẹ má bínú, a ti gbọ́ ọ, kò sì wọ̀ wá létí. Òyìnbó ni ó ni ogun, àwa ni a ni òkú.

Wàyí o, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní Karu ní fọ́tò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin nínú aṣọ ogun. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun nìkan ló mọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn, kò sì sí ohun kan tí a kọ sẹ́yìn fọ́tò náà. A ti bẹ àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lọ jókòó tì í pẹ̀lú bírò lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ wá inú àpótí. Mẹ́dà, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, fọ́tò, ẹ mú wọn wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Akọ̀wé yóò ya àwòrán wọn, yóò sì dá wọn padà fún yín lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wá orúkọ nínú ìwé àwọn tó kú sógun, èyí tí ilé-iṣẹ́ Commonwealth War Graves Commission ń tọ́jú, tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ayé yẹn, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ni wọ́n fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe àpèlé. Ẹni tí ó ń jẹ́ Sùlè láti Ìbàdàn, Sule Ibadan ni wọ́n kọ. Bí ẹ bá wá orúkọ ìdílé tí ẹ kò rí i, ẹ wá orúkọ ìlú. Àwọn tí a kò rí sàréè wọn ní Bọ́mà wà lára àwọn òpó ìrántí ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, tó ìwọ̀n 27,000 orúkọ ni ó wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wa sì wà láàárín wọn.

Ìròyìn ilé: Ìyàwó akápò wa ní Kúbwà bí ìbejì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ìyá àti àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ọ̀kan nínú wa ní ibùdókọ̀ Idu ti gba ìwé ìgbéga, a bá a yọ̀, a sì ń retí ẹran. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń lọ kí ará wa tí ó wà ní ilé ìwòsàn ní Gwagwalada ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá ní àyè nínú mọ́tò, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún akọ̀wé.