Páìpù olówó pọ́ọ́kú lè pa ẹ́ńjìnnì kòròpé

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà àti márùn-ún mìíràn, àwọn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kòròpé ti di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn ní àgbègbè Lekki, Jakande, Ajah, Badore àti Sangotedo. Kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló ń jẹun níbẹ̀. Olùkọ́, oníṣòwò aṣọ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lè kó owó jọ ra ọ̀kan, kí wọ́n gbé e fún awakọ̀, kó máa mú owó wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kò lè mú kọ́bọ̀ wá. Ohun kan tó sì lè dá a dúró síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í bèèrè, ni páìpù tó ń gbé omi láàrin ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀.

Nínú kòròpé bíi Suzuki Every, abẹ́ ìjókòó ni ẹ́ńjìnnì wà, ṣùgbọ́n iwájú ni rédíétọ̀ wà. Abẹ́ ọkọ̀ ni páìpù tó so wọ́n pọ̀ gbà kọjá. Ọ̀kan ń gbé omi gbígbóná lọ, èkejì ń dá a padà. Níbẹ̀ ni yanrìn, ẹ̀kún omi àsìkò òjò àti atẹ́gùn oníyọ̀ láti inú òkun ti ń bá wọn. Tòkunbọ̀ sì ni ọkọ̀ ọ̀hún, páìpù rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Èkó. Bó bá jò, jórinjórin ẹ̀bá ọ̀nà ni yóò ṣe òmíràn. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀, tàbí tó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú òmíràn. Irin wo ni kí wọ́n lò? Ọlọ́kọ̀ ló yẹ kó dáhùn, nítorí owó rẹ̀ ni.

Ká kọ́kọ́ mú páìpù PVC kúrò níbẹ̀. Kò ṣe fún omi tó gbóná ju 60°C lọ, bẹ́ẹ̀ omi inú ẹ́ńjìnnì máa ń sún mọ́ 90°C.

Páìpù gálífánáìsì tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ló rọrùn jù láti rí, ṣùgbọ́n omi inú ilé ni wọ́n ṣe é fún. Síǹkì tí wọ́n fi bò ó kò bá kúláǹtì ṣe. Yóò máa yọ́ sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò wá di ẹrẹ̀ tó ń dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rédíétọ̀. Wàhálà ìwọ̀n tún wà níbẹ̀. Èyí tí púlọ́ńbà ń pè ní íǹṣì kan, ara ìta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 34 mm, bẹ́ẹ̀ 25.4 mm péré ni íǹṣì kan gangan. Ẹni tó bá fẹnu lásán pe íǹṣì kan lọ́jà Owódé Onírin lè gbé ohun tí róbà ọkọ̀ rẹ̀ kò ní gbà wálé. Kó mú páìpù àtijọ́ dání.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bàbà ló dára jù, nítorí kò sí èyí tó ń gbé ooru tó o nínú wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ ló ń tú ooru dànù. Iṣẹ́ páìpù ni kó gbé omi débẹ̀ láìjò. Orí ẹ́ńjìnnì kòròpé sì jẹ́ alumíníọ̀mù, bàbà àti alumíníọ̀mù kì í bá ara wọn gbé nínú omi oníyọ̀. Alumíníọ̀mù ni omi yóò máa jẹ, ìyẹn ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Páìpù alumíníọ̀mù náà fúyẹ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń dá a lu.

Sitenlẹ́ẹ̀sì ló yẹ àgbègbè yìí jù. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní 304 dára, 316 sì ń fara da iyọ̀ jù ú lọ. Lóòótọ́, owó rẹ̀ ga, jórinjórin tó ní gáàsì ágọ́ọ̀nù ló sì yẹ kó jó o. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e lè lo irin lásán bí irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù èéfín, tó bá kùn ún dáadáa lóde, tó ń lo kúláǹtì, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìyẹn ṣì sàn ju gálífánáìsì lọ. Èyíkéyìí tó bá lò, kí wọ́n gbé etí páìpù sókè díẹ̀, kí kílíìpù lè di róbà mú.

Omi náà ńkọ́? Òkun wà lápá kan Lekki àti Ajah, ọ̀sà wà lápá kejì, iyọ̀ sì wà nínú omi bóòhóòlù lọ́pọ̀ ibẹ̀. Irú omi yẹn ni àwọn awakọ̀ kan ń bù sínú rédíétọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ olótùútù ni kúláǹtì wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà wà nínú kúláǹtì, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó.

Ẹni tó bá ní owó sitenlẹ́ẹ̀sì ti pọ̀ jù, kó ṣírò apá kejì. Bí páìpù bá bẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, tí awakọ̀ sì ń wa ọkọ̀ lọ nítorí kò fẹ́ pàdánù owó ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kí orí ẹ́ńjìnnì tẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì sì jó. Owó gásíkẹ́ẹ̀tì, owó iṣẹ́ àti owó gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró, ọlọ́kọ̀ ni yóò san án. Nítorí náà, kó bá awakọ̀ ṣàdéhùn pé bí ooru bá ti ga, kó pa ọkọ̀, kò sì ní bèèrè owó ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í máa gbà. Kí ọlọ́kọ̀ tẹ̀ ba wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lónìí.