Owó Sátẹ́láìtì Wa: Ẹ Gbé Ìwé Àdéhùn Síta!

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ wo orí òrùlé ilé ní Gowon Estate. Díìṣì ló kún bẹ̀. Ti DStv, sátẹ́láìtì Eutelsat ti àwọn ará Yúróòpù ló kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ní tirẹ̀ lókè, owó gbogbo wa ni wọ́n sì ná sí i.

Àwọn kan á ní ebi ń pa ìlú, kí la ń wá lójú ọ̀run? Àwa kò sí lára wọn. NigeriaSat-1 tó gbéra ní Oṣù Kẹsàn-án 2003 ná wa ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 dọ́là péré. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ṣe é fún, ó lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya àwòrán ibi tí ìjì Katrina bà jẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Owó yẹn kò ṣòfò.

NigComSat-1 lọ̀rọ̀ wà. Iléeṣẹ́ 21 ló du iṣẹ́ náà. Ohun tó jẹ́ kí China borí ní 2004 ni pé wọ́n mú owó yíyá wá: mílíọ̀nù 200 dọ́là, nínú owó tó lé ní mílíọ̀nù 300. Bí ẹni ń ra fíríìjì láwìn ni: ọwọ́ ẹni tó gbà láti tà á láwìn lèèyàn ti ń rà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí tirẹ̀ dára jù.

Ó gbéra ní Oṣù Karùn-ún 2007, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀. Òfin tó ń ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó buwọ́ lù ú. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá 2008, iná tán lára ohun tó yẹ kó lo ọdún 15. Lóòótọ́, owó adójútòfò ló gbé NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko la fi wà láìní sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ kankan.

Ǹjẹ́ wọ́n kọ́gbọ́n? Ní 2016, mínísítà kan ní ọmọ Nàìjíríà yóò dé ojú òfuurufú kó tó di 2030. Ní 2018, òmíràn kéde sátẹ́láìtì méjì tuntun láti China, mílíọ̀nù 550 dọ́là. Títí di òní, a ò rí wọn. Ìkéde kò náni ní nǹkan kan, ó sì dùn ún fi polongo ìbò.

Ní Oṣù Kejìlá 2026, ọdún 15 NigComSat-1R yóò pé. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ 2A àti 2B. Ohun tí à ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ: kí wọ́n gbé ìwé àdéhùn síta kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí wọ́n sọ iye gbèsè àti ẹni tí yóò san án, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa tó kọ́ NigeriaSat-X ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí iṣẹ́ gidi ṣe nínú rẹ̀, kí wọ́n má kàn lọ dúró ya fọ́tò.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún wa láṣẹ láti béèrè, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà náà. Àwa la máa san gbèsè yìí nígbà tí àwọn tó buwọ́ lù ú bá ti fẹ̀yìn tì.