Ohùn Uhura

Àwọn kan gbà pé ẹni tó ń fi eré tẹlifíṣọ̀n ṣàwàdà kò lè jà fún ẹ̀tọ́. Kí wọ́n gbọ́ ti Nichelle Nichols.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí ló ṣe Uhura nínú Star Trek láti 1966. Inú ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí òmìnira ni wọ́n ti yọ orúkọ náà. Lẹ́yìn ọdún kìíní, ó fẹ́ kúrò. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, Martin Luther King bá a níbi àpèjẹ kan, ó ní ìyẹn nìkan leré tí òun àti ìyàwó òun ń gbà káwọn ọmọ wọn torí ẹ̀ pẹ́ sùn. (Pásítọ̀ ńlá, olólùfẹ́ Star Trek!) Ó ní kó má kúrò. Ó dúró.

Ọmọbìnrin kan ní Chicago ń wò ó. Ní 1992, ọmọ náà, Mae Jemison, di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé gbalasa òfurufú. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, gbólóhùn Uhura ló fi ń ṣàwàdà, pé ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ ti ṣí. Ẹni tó ti gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní béèrè ohun tí ẹ̀rín ń wá nínú ọ̀rọ̀ gidi.

Ní 1993, Jemison ṣe ipa kékeré nínú Star Trek tuntun. Nichols alára wá kí i níbẹ̀.