Ẹ Yé Rẹ Ìtàn Sómi

Ẹni tó bá sọ fún yín pé omi lásán kì í ba nǹkan jẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tí omi náà fọ̀ lọ. Bí lẹ́tà àtijọ́ bá jáde láti inú àpótí baba àgbà, ní Ìkòtún tàbí ní Ìgándò, ohun tí à ń yára ṣe ni pé kí á gé igun àpò rẹ̀, kí á rẹ ẹ́ sínú abọ́, kí á ṣí sítáǹpù, kí á sì da ìyókù nù. Àwọn kan ní ìmọ́tótó ni. Èmi ní ìparun ni.

Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í lo sítáǹpù tirẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1874, kó tó di pé wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906. Sítáǹpù irú àsìkò yẹn tó ṣì wà lórí àpò rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí: òǹtẹ̀ sọ ìlú àti ọjọ́, àdírẹ́sì sọ ẹni tó gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó rẹ̀ ju ti èyí tí a ṣí kúrò lọ fíìfíì.

Àwọn tó tẹ̀ wọ́n mọ ìwà ọmọ aráyé. Iléeṣẹ́ De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù fi yíǹkì tí omi máa ń ṣí tẹ ọ̀pọ̀ sítáǹpù ilẹ̀ àmúnisìn, kí ẹnikẹ́ni má baà fọ òǹtẹ̀ kúrò kó sì tún un lò. Ẹ rẹ ẹ́, àwọ̀ fúnra rẹ̀ á tú àṣírí yín.

Wọ́n á ní àwọn tí ń ṣa sítáǹpù jọ náà ń rẹ ẹ́. Òótọ́ ni, èyí tó wọ́pọ̀ kò ṣòfò. Ní Amẹ́ríkà, àwọn iléeṣẹ́ bíi PSA tí ń díwọ̀n káàdì àtijọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball kì í gba èyí tí a fi kẹ́míkà yọ àbàwọ́n rẹ̀; ṣùgbọ́n èyí tí a fi omi nìkan rẹ, tí kò sì ní àpá, sábà máa ń kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti bá wọn ṣe àríyànjiyàn. Òfin “ohun tí ojú kò rí kò sí” kì í ṣe òfin olóòótọ́. Ìwé ẹ̀rí àwọn tó mọ sítáǹpù yẹ̀ wò dáadáa máa ń sọ ọ́ gbangba: a ti fọ èyí, a ti tún tọ̀hún ṣe.

Ẹni tó bá rẹ nǹkan kó tó tà á, kó sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ẹni tó bá sì rí lẹ́tà baba rẹ̀, kó fi hàn ẹni tó mọ̀ kó tó pọn omi. Omi tó bá dànù kò ṣeé kó mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni òǹtẹ̀ tó bá ti ṣí.