Orífífọ́ Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Ẹ̀yìn: Ẹ Má Pè É Ní Iṣẹ́ Ayé

Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba Benin ti sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwòsàn tí wọ́n yàn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní náni ní kọ́bọ̀, tí kò yẹ kí ìyálọ́mọ kankan ní Dassa-Zoumè padà sílé láìgbọ́.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sẹ́yìn láti pa ìdajì ara kú máa ń lu ihò tín-ín-rín sára awọ tó di omi ọ̀pá ẹ̀yìn mú. Bí omi náà bá ń jò, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí ìyálọ́mọ bá dìde, á le sí i. Bó bá dùbúlẹ̀, á rọ̀. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe orogún. August Bier, dókítà ará Jámánì tó gbà kí wọ́n gún òun fúnra rẹ̀ lọ́dún 1898, jìyà orífífọ́ yìí kan náà.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má pe ẹni tó dùbúlẹ̀ ní ọ̀lẹ. Omi pípọn lè dúró, ọjà Glazoué náà lè dúró. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kó mu omi dáadáa, kó mu kọfí díẹ̀, kó sì lo oògùn ìrora tí ilé-ìwòsàn kọ fún un, kì í ṣe ti orí àtẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá le jù, ní ilé-ìwòsàn ńlá, dókítà lè fa ẹ̀jẹ̀ ìyálọ́mọ náà láti apá, kó fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti dí ihò náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo orífífọ́ kọ́ ló jẹ́ ti abẹ́rẹ́. Bí ibà bá wà níbẹ̀, tí ọrùn gan, tí ojú ń ṣú, tí gìrì mú un, tàbí tí dídùbúlẹ̀ kò mú un rọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìbímọ ń pa ìyá.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyálọ́mọ àti ará ilé rẹ̀, ní èdè Ìdáàṣà tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Kí àwọn aláṣẹ náà ra abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, nítorí irú rẹ̀ kì í sábà fa orífífọ́ yìí. Iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ dára. Àlàyé ọ̀fẹ́ ló kù.