Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn. Ní àdúgbò wa ní Èbúté Ìkòròdú níbí, àwọn onílé ṣèpàdé, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń sin àgùntàn kó wọn kúrò. Wọ́n ní ẹran ń jẹ ọjà ọlọ́jà, ó ń yàgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń sùn sójú títì.

N kò ní purọ́, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àgùntàn tó ń rìn kiri láìní olùtọ́jú, ìyọnu àdúgbò ni. Ṣùgbọ́n ṣé ká wá tìtorí orí fífọ́ bẹ́ orí ni?

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Àgùntàn méje ni mo ń sìn báyìí, nínú ọgbà tí mo fi pákó àlòkù kàn lẹ́yìnkùlé. Irú kúkúrú ilẹ̀ wa ni wọ́n, kì í ṣe àwọn gíga tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí n tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ti ń ké, wọ́n mọ ìró ẹsẹ̀ mi. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á máa jẹ àpọ̀jẹ, èmi náà á jókòó tì wọ́n, ọkàn mi á balẹ̀. Oṣù márùn-ún ni abo fi ń lóyún. Ọmọ tó bá bí, kò ní pẹ́ tí yóò fi dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, tí yóò máa wá ọmú kiri. Àwọn ọmọ-ọmọ mi pàápàá a máa fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ wá wò ó.

Oúnjẹ wọn kò wọ́n: koríko, èèpo iṣu, àti èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gàrí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sá èèpo ẹ̀gẹ́ kó gbẹ, májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Ìgbẹ́ wọn, ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mò ń dà á sí.

Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ ṣeré. Àrùn kan wà tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR: ikun á máa dà nímú ẹran, á máa ṣu gbuuru, ó sì lè pa agbo tán. Ní Abidjan ní 2015, àjọ FAO àti àjọ tó ń rí sí ìlera ẹran lágbàáyé pinnu pé àwọn fẹ́ pa á rẹ́ kúrò láyé títí 2030. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo a máa dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ẹran inú ọgbà ló rọrùn láti mú fún abẹ́rẹ́. Èyí tó ń sá kiri ló ń kó àrùn kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ fún wa lófin, ẹ má lé wa. Kí olúkúlùkù kan ọgbà, kó máa gbá a lójoojúmọ́, kó sì san owó ìtanràn bí ẹran rẹ̀ bá jáde. Ẹni tí kò bá lówó káfíńtà, kó wá pákó, màá bá a kàn án lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbí ẹ ti gbàgbé ni? Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó fẹ́ lé wa yìí náà lẹ ń wá béèrè àgbò lẹ́yìnkùlé wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì,
Èbúté Ìkòròdú.