Abọ́ Oúnjẹ Ọ̀sán Òṣìṣẹ́: Ohun Tí A Lè Rí Kọ́ Ní Tamale



Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n ní ibi iṣẹ́ yín, kí ni ẹ máa ń jẹ? Níbo ni ẹ ti ń jẹ ẹ́? Ìṣẹ́jú mélòó ni a sì fún yín láti fi jẹ ẹ́? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kò ka ìbéèrè wọ̀nyí sí ọ̀ràn ẹgbẹ́. Owó oṣù ni a kà sí ọ̀ràn ẹgbẹ́, owó ìfẹ̀yìntì ni a kà sí ọ̀ràn ẹgbẹ́. Oúnjẹ ọ̀sán, a fi í sílẹ̀ fún ìyàwó ilé àti ìyá olóúnjẹ. Èrò tèmi ni pé òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ jẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ́ ní láti bẹ̀rẹ̀ láti inú abọ́ tí ó ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́, àti pé ẹgbẹ́ ní ipa tirẹ̀ láti kó nínú ọ̀ràn abọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ wa láti Tamale, olú-ìlú Ẹkùn Àríwá ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí pọ̀ nínú ọjà rẹ̀ títí di oṣù November 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú ilé àwọn kan tí ń ka ìwé yìí, àwọn àgbàlagbà ṣì wà tí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ ó rí i pé ìbátan oúnjẹ tiwa ni. Tuo zaafi, tí gbogbo ará Ghana ń pè ní T.Z., jẹ́ túwó tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo tàbí jéró rò. Ewé ayoyo tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ rẹ̀, ewédú wa ni. Dawadawa wọn ni irú wa, koose wọn ni àkàrà wa, wagashi wọn sì ni wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà fún wa. Wasawasa ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Èlùbọ́ iṣu ni, ó sì dúdú bí àmàlà, ṣùgbọ́n wọn kì í rò ó. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á fi ọwọ́ pa á títí yóò fi di wóró-wóró, wọ́n á wá fi ooru omi sè é. Tubaani ńkọ́? Ẹ̀wà lílọ̀ tí a pọ́n sínú ewé tí a sì sè, tí a ń fi epo àti ata jẹ. Ẹni tí ó bá mọ èkuru kò ní í béèrè orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ewé tí a fi pọ́n tubaani yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Kí oúnjẹ náà tó dé ọjà ni a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ẹyọ méjì mọ̀ pé méjì ni òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nílé wa: iye ni a fi ń ra ẹ̀kọ, iye ni a fi ń ra mọ́ínmọ́ín, kì í ṣe ẹ̀kún abọ́. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kankan nípa ìwọ̀n oúnjẹ, ṣùgbọ́n ewé wà lọ́wọ́ wọn, ewé sì ni òṣùwọ̀n. Àwọn ará Japan ní àpótí oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní bento, tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá-yàrá, ìrẹsì lọ́tọ̀, ẹja lọ́tọ̀, ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, gbogbo ayé sì ń yìn wọ́n fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé a ti ń fi ewé ṣe irú iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí ó gba ipò ewé. Ní Tamale bí i ní Accra, waakye ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń rà ní òwúrọ̀: ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Ewé ni wọ́n ń fi dì í tẹ́lẹ̀, àwọn kan ṣì ń lo ewé títí di òní, ṣùgbọ́n ọ̀rá àti abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ ti gba ọjà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà nìkan kò burú rárá, nítorí ẹ̀wà ń tún ara ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá olóúnjẹ yóò tún bu tàlíà lé e lórí, yóò wọ́n gàrí lé tàlíà, kí ó tó kan ata, ẹyin àti ẹja. Ìrẹsì, tàlíà, gàrí: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe nínú ara. Kí ará Nàìjíríà má rẹ́rìn-ín o, nítorí àwa náà ń fi ìrẹsì, mákàróònì àti dòdò sínú abọ́ kan. N kò dá olóúnjẹ lẹ́bi. Àyó ni òun ń tà, iye tí ó wà lápò wa ni ó sì fi ń tà á.

Ẹni tí ó bá di oúnjẹ tirẹ̀ láti ilé ni ó lè yí ètò yìí padà. Ọwọ́ yín tó láti fi wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí òkèlè tàbí ìrẹsì má ju ìkúùkù yín lọ, kí ẹja, ẹran tàbí wàrà tó àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ̀fọ́ tàbí ewédú sì gba bí ìdajì abọ́ náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé ìkúùkù kan kò tó òun. Òtítọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ni ó ń rù láti àárọ̀. Alágbàṣe àti akọ̀wé tí ó jókòó sídìí tábìlì kò gbọdọ̀ jẹ iye kan náà; kí alágbàṣe fi ìkúùkù kejì kún un, kí ó sì fi ẹ̀wà kún un pẹ̀lú. Àwa tí a jókòó ni ìmọ̀ràn yìí ń bá wí jù.

Ọ̀ràn iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ, iyọ̀ inú màgí sì wà nínú ìṣirò náà. Irú tí a kò fi iyọ̀ sí lè gbé ọbẹ̀ dìde láìsí màgí mẹ́rin. Àjọ náà tún sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní i.

Ní Tamale, ooru oṣù March àti April máa ń súnmọ́ ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru sì ni ọ̀tá oúnjẹ àdìlọ. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ, bí kò bá gbóná janjan tàbí kí ó tutù nínú ẹ̀rọ amómitutù. Ìrẹsì alẹ́ àná tí ó sùn lórí tábìlì lè ti ní oró nínú, oró náà kì í sì í kú bí a bá tún un gbé kaná. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ se oúnjẹ tí ẹ fẹ́ gbé lọ. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú kúlà kékeré, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu oúnjẹ gbígbóná sí i. Ẹ má sì ṣí i títí di àkókò oúnjẹ. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kò yẹ fún túwó tí ó ń rú èéfín. Ní ọjọ́ tí kò bá sí àyè láti dáná, gàrí, kúlíkúlí, ẹ̀pà yíyan àti ọsàn kì í bàjẹ́ nínú àpò, bí omi mímọ́ bá ti wà ní ibi iṣẹ́.

Ta ni yóò wá dìde ní agogo márùn-ún ìdájí láti se oúnjẹ yìí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó náà jẹ́ òṣìṣẹ́, ó sì san owó ẹgbẹ́ bí ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin inú ẹgbẹ́, ẹ kò lè máa pariwo ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́, kí ẹ wá di iṣẹ́ àìgbowó mìíràn ru òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín nílé. Ẹni tí ó lè wa ọkọ̀ akẹ́rù lè fi omi híhó ṣan kúlà.

Ṣùgbọ́n bí abọ́ bá pé tí kò sí àkókò láti ṣí i, asán ni. Òfin Iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003 fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró ní ìsinmi tí kò dín ní ìṣẹ́jú 30, ó sì kà á mọ́ wákàtí iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ tiwa ní Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti dábàá láti ọdún 1956 pé kí a pèsè ibi ìjẹun fún òṣìṣẹ́; ní ọdún 2022, ó fi ibi iṣẹ́ tí kò léwu tí kò sì ń ba ìlera jẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ni ó ń jẹun ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọwọ́ tí gírísì wà lára rẹ̀?

Nígbà tí ẹ̀ka yín bá tún ṣe ìpàdé, ẹ béèrè kí akọ̀wé ka àdéhùn tí ó wà láàrin ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sókè. Ẹ wò ó bóyá ìsinmi ọ̀sán wà níbẹ̀ ní wákàtí àti ìṣẹ́jú, bóyá omi mímọ́, ọṣẹ ìfọwọ́ àti àga lábẹ́ òrùlé wà níbẹ̀. Ibi tí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó wọ inú ohun tí ẹ̀ka yóò béèrè nígbà tí a bá tún jókòó pẹ̀lú agbanisíṣẹ́.